Ìwọ Tí O Ń So Táì Lọ Jókòó ní Ọ̀jọ́ta

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo lọ ra iṣu ní Máìlì 12. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ti lù. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé tòmátì àti ata wá láti òkè Ọya ti já ẹrù tán, ilẹ̀ rin gbingbin, omi tòmátì tó fọ́ ń ta sí ni lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ alábàárù bò mí bí eṣinṣin, oníkálukú pẹ̀lú bárò rẹ̀, wọ́n ń pariwo iye tí wọn yóò gbà. Ọ̀kan nínú wọn kò pariwo. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e." Ó ti to iṣu mẹ́ta sínú bárò kí n tó ṣàkíyèsí pé òdì ni ó wọ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀. Ó yí i sódì kí báájì ilé-ìwé má baà hàn.

Ọmọ rẹ ni.

N kò ní dárúkọ rẹ. Ìwọ mọ ara rẹ. Òpópónà kan náà ni a jọ ń gbé ní Ìkòsì. Ọmọ yìí ló ń bá mi ka ìwé ìròyìn nírọ̀lẹ́ Sátidé láti ìgbà tí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, bí ó bá sì kan ọ̀rọ̀ tó le, kì í fò ó, yóò dúró, yóò tú u palẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Mo bi í bóyá wọ́n gba họlidé ni. Ó ní rárá, sà. Mo ní ṣé bàbá rẹ mọ̀ pé ibí lo wà? Ó wolẹ̀.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Orí ti wọ́ kí n tó débẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá wí lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ẹni yẹn pọ̀ ní Kosofe ju bí ẹ ti rò lọ. Ó wà ní Alápẹ̀rẹ̀, ó wà ní Ògùdù, ó wà ní Owódé Onírin. Àwọn mìíràn nínú wọn ń kà mí lọ́wọ́ báyìí nínú bọ́ọ̀sì tí kò gbé wọn lọ sí ibi iṣẹ́ kankan.

Àbúrò mi, mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Kò sí ẹni tó sọ fún mi, bàtà rẹ ló sọ ọ́. Bàtà ẹni tó ń ti ọ́fíìsì bọ̀ kì í kún fún eruku tó báyẹn. Láràárọ̀ lo ń wọ ẹ̀wù funfun, o so táì, o fi báàgì dúdú kọ́ èjìká, o dágbére fún ìyàwó àti ọmọ, ó di Kétu. Gẹ́gẹ́ bí o ti fi ẹnu ara rẹ jẹ́wọ́ fún mi nígbà tí o wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lóṣù kìíní o máa ń wọ BRT dé TBS, o sì máa ń jókòó níbẹ̀ bí ẹni tó ń retí ẹnìkan títí oòrùn yóò fi wọ̀. Nígbà tí owó ọkọ̀ di ìṣòro, o dín ọ̀nà kù. O wá ń fẹsẹ̀ rìn dé Ọ̀jọ́ta. Ibẹ̀ ni èmi alára ti rí ọ lẹ́ẹ̀mejì, nínú ọgbà Gani Fáwẹ̀hìnmi, lábẹ́ ère ọkùnrin yẹn, tí o fi ìwé ìròyìn àná bojú.

Ṣé o tilẹ̀ mọ ìtàn ẹni tí o ń jókòó sábẹ́ ère rẹ̀? Gani ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin lọ́wọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Owó tó ń ti ilé wá dá. Ọmọ olówó Oǹdó, ó mú ìgbálẹ̀, ó ń gbálẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kí ó lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mímọ̀ tó mọ̀ pé owó ti tán ló jẹ́ kí ó mọ ohun tí yóò fọwọ́ mú. Ọmọ tìrẹ ńkọ́? O ní kò mọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni ìwọ rò.

Kí a má tíì jìnnà, jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò bá ọ jà lé lórí. N kò bá ọ jà pé iṣẹ́ bọ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó sàn jù ọ́ lọ. Ní 1975, orí rédíò ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ti gbọ́ ọ, lábẹ́ Murtala Muhammed, tí wọ́n lé àwọn tó ju 10,000 lọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìsí gbólóhùn ìdágbére. Ní 1984, ìjọba ológun Buhari tún gbá òmíràn jáde. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, náírà wó, àwọn ilé-iṣẹ́ tó gbẹ́kẹ̀ lé èlò òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í kú níkọ̀ọ̀kan. Michelin pa ilé-iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Pọtá tì ní 2007, Dunlop náà ṣíwọ́ táyà ṣíṣe ní Ìkẹjà kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà. Ní 2023 nìkan, GSK kéde pé òun ń lọ, kí ọdún náà tó parí Procter & Gamble ní òun náà kò ní ṣe ọjà níbí mọ́. Nínú gbogbo èyí, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni bàbá ọmọ kan tó ń di páálí ní ilé-iṣẹ́ ṣẹ̀?

Ní àdúgbò tiwa gan-an, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2022, òfin tó lé ọ̀kadà kúrò ní títì dé Kosofe, pẹ̀lú Muṣin, Ṣómólú àti Oṣòdì-Ìsọlọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀kadà ń fọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn, mo mọ̀ pé àwọn olè ń lò ó. N kò sunkún ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú àwọn tó ń gùn ún ní Kétu tó jẹ́ pé iṣẹ́ kejì nìyẹn lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ bọ́, tó jẹ́ pé owó ilé-ìwé ló wà lórí tánkì epo yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣòfin, ẹ kò bi ẹnikẹ́ni. Mo fi ti yín sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, mi ò gbàgbé yín.

Ohun tí mo bá ọ jà lé lórí ni táì yẹn.

Oṣù mẹ́fà gbáko lo fi ń purọ́ fún ọmọ tí o bí. O yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi san owó ilé-ìwé aládàáni ti sáà kan, kí wọ́n má baà sọ pé ọmọ lágbájá ti kúrò níbẹ̀. Sáà kejì dé, kò sí ohun tí o fẹ́ fi san án. Dípò kí o lọ mú ọmọ náà kúrò ní wọ́ọ́rọ́wọ́, o dákẹ́. Wọ́n lé e jáde ní géètì. O ní kí ó padà lọ ní ọ̀la. Wọ́n tún lé e. Ó padà wálé lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin kò wálé mọ́, ó kọjá sí Máìlì 12. Kí ni o fẹ́ kí ó ṣe? Kí ó so táì?

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Tìrẹ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, tara ọmọ rẹ ló ń bá ọ dákẹ́.

Má rò pé ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré ni. Ní Kánádà, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé mẹ́ta, Oreopoulos, Page àti Stevens, tọpa àwọn ọmọkùnrin tí ilé-iṣẹ́ bàbá wọn tì pa nígbà tí wọ́n wà ní ọjọ́ orí ọmọ tìrẹ yìí. Wọ́n tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2008. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dàgbà tí àwọn náà ń ṣiṣẹ́, owó tó ń wọlé fún wọn fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 dín sí ti ẹgbẹ́ wọn. Ẹ rántí pé Kánádà nìyẹn o, níbi tí ìjọba ti ń fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lówó oúnjẹ, tí ilé-ìwé ìjọba sì ní àga. Bí ó bá rí báyẹn fún ọmọ tó wọṣọ òtútù, ti ọmọ tó wọ ẹ̀wù sódì ní Máìlì 12 ńkọ́?

Ìtàn kan wà tó máa ń wá sí mi lọ́kàn jù ìyẹn lọ. Abúlé kan wà ní Austria tí wọ́n ń pè ní Marienthal. Ilé-iṣẹ́ òwú ló ń bọ́ gbogbo wọn, àfi ìgbà tó tì pa. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Marie Jahoda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbé, wọ́n sì tẹ̀wé jáde ní 1933. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún Kérésìmesì sílẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ Marienthal béèrè kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ọmọ abúlé tó yí wọn ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì lè kọ ọ́ ní tààrà pé mo fẹ́ báyìí. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé, ká ní òbí mi lówó lọ́wọ́ ni. Ọmọdé, a kì í pè é jókòó ká tó sọ fún un pé kí ó dín ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ kù. Ó ń wo ìkòkò. Ó ń wo iye ẹran. Ó ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń dá oníwàrà lóhùn lẹ́nu ọ̀nà.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ṣe é rí.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí mò ń pariwo lé ọ lórí yìí. Ní 1988, ilé-iṣẹ́ aṣọ kan tí n kò ní dárúkọ ni mo ti ń ṣe akọ̀wé owó. Wọ́n pe àwa mọ́kànlélógójì wọ inú yàrá kan lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n pín àpòòwé. Owó oṣù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń jáde nílé láràárọ̀. Táì kò sí lọ́rùn tèmi, kóòtù ìgbà náà ni mo máa ń wọ̀. Àkọ́bí mi obìnrin wà ní kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì. Nígbà tí ọ̀ràn dójú ẹ̀, n kò ṣàlàyé fún un. Mo kàn ní kí ó kó ẹrù rẹ̀, ó ń lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn. Mo ní ilé-ìwé ibẹ̀ dára. Ilé-ìwé wo? Ọdún méjì ló fi gbé igbá fùfú lórí kí n tó rí iṣẹ́ mìíràn kí n sì lọ mú un.

Ó ti di ìyá àwọn ọmọ báyìí, Ọlọ́run ṣàánú, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Kò bú mi rí. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a jókòó lẹ́yìn ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi yẹn, mo wá bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ó dárí jì mí fún ọdún méjì tó ṣòfò. Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe ọdún méjì yẹn. Mo rò pé mo ṣẹ̀ yín ni. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà n'Íbàdàn, mò ń wá ohun tí mo ṣe."

Mo ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ. N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gún mi tó ìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ ti ń bá ìyá kan ní Lẹ́kì sọ̀rọ̀ kí àbúrò ọmọ yìí, ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá, lọ máa bá a tọ́jú ọmọ, ara mi gbọ̀n. Wọ́n ní yóò fi í sí ilé-ìwé. Gbogbo wọn ló máa ń fi wọ́n sí ilé-ìwé lẹ́nu. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti 2007, òfin ọ̀hún kò sì fi ọmọ ọdún mọ́kànlá ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá jí lọ́jọ́ kan tí n kò rí ọmọ yẹn ládùúgbò, àwa méjèèjì jọ máa dé ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Mo ṣì lè rìn.

Ìyàwó rẹ náà wà níbí, kí ó má rò pé mo gbàgbé òun. Ìyá àwọn ọmọ, mo mọ̀ pé ata gígún tí ò ń tà ló ń bọ́ ilé yìí láti ìgbà díẹ̀, mo sì kí ọ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ kò dára. Ọkùnrin yìí ní òun bẹ̀rù àtisọ fún ọ ju bí òun ti bẹ̀rù làǹdílọ́ọ̀dù lọ, nítorí ìgbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ àbúrò rẹ, ìwọ lo pè é ní "ọkùnrin ṣákálá" lójú gbogbo ẹbí. Ó gbọ́. Ó fi pamọ́ sínú. Nígbà tó kàn án, ó so táì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-ìwé aládàáni, n kò ní kẹ́ ẹ má gba owó yín. Iná, owó olùkọ́, owó ilé, gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Àmọ́ kí lẹ ń ka orúkọ ọmọ lójú àsẹ́ńbìlì fún? Ṣé ọmọ ló jẹ gbèsè? Ẹ pe bàbá. Ẹ kọ lẹ́tà sí i. Ọmọ tí ẹ bá kà lórúkọ lójú irínwó akẹ́kọ̀ọ́ kò ní padà wá, bí owó tilẹ̀ dé. Mo sì rí ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń fi ìméèlì lé bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta lọ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ kò ní ojú tí ẹ lè fi wo ènìyàn ni?

Ká padà sọ́dọ̀ rẹ. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, o bi mí pé kí lo fẹ́ ṣe. Mo ní kí o mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé ìjọba. O fa ojú ro bí ẹni tí mo ní kí ó lọ jẹ ẹ̀gbin. O ní, "Bàbá, ilé-ìwé ìjọba kẹ̀?" Ìwọ! Ìwọ tó jẹ́ pé nínú ilé-ìwé tí Jákàńdè kọ́ lo ti kọ́ A, B, D! Nígbà tí Awólọ́wọ̀ ṣí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, ọmọ ta ni kò wọlé? Jákàńdè di gómìnà Èkó ní 1979, ó kọ́ ilé-ìwé títí wọ́n fi ń pe tirẹ̀ ní ilé adìyẹ, síbẹ̀ inú ilé adìyẹ yẹn ni àwọn dókítà ti jáde, inú rẹ̀ ni ìwọ náà ti jáde. Mo mọ̀ pé kíláàsì kún. Mo mọ̀ pé wọ́n ń gba owó kéékèèké lábẹ́ orúkọ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n láti 2004 ni òfin ti sọ pé ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ ọmọ jẹ́ ọ̀fẹ́, ìjọba Èkó sì máa ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé rẹ̀. Bí ó bá dé fáásìtì ìjọba, owó àyáwó NELFUND tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 wà níbẹ̀, kò ní èlé. Èwo nínú gbogbo èyí ni ọmọ rẹ yóò rí gbà lórí bárò ní Máìlì 12?

Ìtìjú ni o sọ pé ó jẹ́. Àwọn ará ilé-ìjọsìn yóò rí i nínú yúnífọ́ọ̀mù ìjọba. Kí wọ́n rí i! Wọ́n ti rí i ní Máìlì 12 tí kò ní yúnífọ́ọ̀mù rárá. Ta ni o rò pé ó ń ra ata níbẹ̀?

Àti ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́. O rò pé n kò ní mẹ́nu kàn án. Ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn gáréèjì Kétu, mo rí ọ tí o ń ti ibẹ̀ jáde. O ní ẹgbẹ̀rún kan péré ni. Ẹgbẹ̀rún kan péré ni ọmọ rẹ fi ń ti bárò láti àárọ̀.

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ tí mo ṣèlérí pé n kò ní sọ. Ọmọ náà bẹ̀ mí ní Máìlì 12 pé kí n má sọ fún ọ, mo ní ó dára, mo sì dákẹ́ lálẹ́ tí o wá bá mi. Mo ti rò ó títí. Mo ń da ìlérí náà báyìí, kí ó bínú sí mi tó bá wálé lọ́jọ́ Sátidé.

Bí ó ti ń ti iṣu mi lọ sí ìdí ọkọ̀, mo bi í pé èéṣe tó fi jẹ́ Máìlì 12, nínú ẹrọ̀fọ̀, láàárín àwọn ọmọ tó lágbára jù ú lọ. Mo ní ibùdókọ̀ Ọ̀jọ́ta sún mọ́lé, àwọn tó ń ti ìrìn àjò bọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ẹrù wọn fúyẹ́, wọ́n sì ń fún ọmọdé lówó.

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Dádì mi wà ní Ọ̀jọ́ta, sà. Bí mo bá lọ síbẹ̀, wọ́n á rí i pé mo rí wọn."